Kí ẹ tó fa oògùn sínú síríńjì: ìtọ́sọ́nà fún akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹran ní Kétu

Ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ní Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, máa bá oògùn tó gba ọ̀nà méjì wọlé pàdé. Èyí tó ti Kútọnù gòkè wá, Faransé ni wọ́n kọ sí i lára. Èyí tó gba ẹnubodè Ìlárá wọlé láti Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Nínú gáà Fúlàní kan náà, méjèèjì lè wà nínú àpò kan, pẹ̀lú ìgò tí bébà ara rẹ̀ ti ya dànù, tó jẹ́ pé àwọ̀ ni darandaran fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ èyí fún, ẹ̀ báà wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ẹ̀ báà máa tẹ̀lé dókítà ẹran káàkiri abúlé. Lójú tèmi, ibi púpọ̀ tí oògùn ti ń já wa kulẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tó kan awọ ló ti já: a ò kà á, a ò wọn ẹran, a ò ṣírò. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Kí n tó máa lọ: dókítà ẹran ló ń sọ àrùn tó ń ṣe ẹran àti oògùn tó yẹ ẹ́. Tiwa ni kí oògùn náà dé ara ẹran ní ìwọ̀n tó péye, kó gba ibi tó yẹ kó gbà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

1. Ẹ ka ara ìgò

Orúkọ gàdàgbà tó wà níwájú àpótí, ilé iṣẹ́ ló fún un. Oògùn kan náà lè ní orúkọ mẹ́wàá lọ́jà. Ẹ wá orúkọ oògùn gan-an, èyí tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ: oxytétracycline, ivermectine, albendazole, diminazène. Ní ti Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ìparí orúkọ ló sábà máa ń yàtọ̀, ẹ ò ní ṣì í mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo agbára rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 10 %, gíráàmù 10 ló wà nínú ml 100, ìyẹn mg 100 nínú ml kan. Àbùjá rẹ̀ rèé: ẹ sọ nọ́mbà tó wà níwájú "%" di ọ̀nà mẹ́wàá, ẹ ti rí iye mg tó wà nínú ml kan. Oxytétracycline 20 % di mg 200. Ivermectine 1 % di mg 10. Ẹ há a sórí, torí bí ẹ ò bá mọ èyí, kò sí ìṣirò kankan tó máa bọ́ sí i fún yín.

Kí ẹ wá wo "espèces cibles", àwọn ẹran tí wọ́n ṣe é fún, àti "voie", ọ̀nà tó máa gbà wọ ara. IM ni inú ẹran ara, SC ni abẹ́ awọ, IV ni inú iṣan ẹ̀jẹ̀, PO ni ẹnu. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, ẹ wo nọ́mbà lot, ìyẹn nọ́mbà àwọn ìgò tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo "temps d'attente", tí mo máa padà sórí ẹ̀. Ẹ tún wá nọ́mbà AMM, ìyẹn ti ìwé àṣẹ títa oògùn. Láti 2006 ni UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, ti gbé òfin kalẹ̀ lórí oògùn ẹran, pé kí oògùn gba ìwé àṣẹ àjọ náà kí wọ́n tó tà á ní àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn. Àpótí tí kò bá ní nọ́mbà yìí, ẹ bi ẹni tó tà á léèrè ibi tó ti rí i.

Mi ò sọ pé ayédèrú ni gbogbo oògùn tó bá gba Ìlárá wọlé o. Ojúlówó pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ojúlówó náà lè bàjẹ́ lẹ́yìn zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, tàbí lórí àtẹ tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé alẹ́. Oxytétracycline kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀: bí omi rẹ̀ bá ti dúdú, ẹ dà á nù. Pẹ̀nìsílì funfun tó jẹ́ pé ẹ mi ìgò títí, ìyẹ̀fun ṣì dì mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ dà á nù pẹ̀lú.

2. Ẹ wọn ẹran

Darandaran máa sọ fún yín pé màlúù òun tó "igba kíló bẹ́ẹ̀ yẹn". Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ pé owó oògùn ló ń rò, torí ó fẹ́ kí oògùn ẹran kan tó ẹran méjì. Oògùn tí kò tó burú ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Aràn àti eégbọn tó kéré lágbára á kú, àwọn tó le á yè, àwọn ni wọ́n á sì bímọ sílẹ̀ fún yín. Tó bá yá, oògùn náà ò ní ràn wọ́n mọ́. Eégbọn kan wà tó bá àwọn màlúù tí wọ́n kó wá láti Brazil dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000. Ó ti tàn kálẹ̀ báyìí, a sì mọ̀ ọ́n káàkiri ayé pé ó máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ oògùn. A ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́.

Tí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n màlúù, téèpù aránṣọ á ṣe é. Ẹ mú màlúù dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ wọn àyíká àyà rẹ̀, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, kí téèpù gba ẹ̀yìn iké. Bí téèpù ò bá ká a, ẹ fi okùn yí i, kí ẹ wá tẹ́ okùn náà sórí téèpù. Ẹ tún wọn gígùn rẹ̀, láti orí egungun èjìká dé egungun ìdí. Sẹ̀ǹtímítà ni ẹ máa fi wọn méjèèjì. Ẹ mú àyíká àyà lọ́nà ara rẹ̀, ẹ mú èyí tó jáde lọ́nà gígùn, kí ẹ wá pín in sí 10 840. Kíló màlúù yẹn nìyẹn, ó máa ń sún mọ́ òótọ́ ju ojú lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú abo màlúù kan tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ cm 140, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ cm 120. 140 lọ́nà 140 jẹ́ 19 600. Ìyẹn lọ́nà 120 jẹ́ 2 352 000. Ẹ pín in sí 10 840, ó jẹ́ nǹkan bíi kg 217. Ẹ kọ 217 yìí síbì kan, a máa lò ó.

Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ò le. Ẹ gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n ilé, kí ẹ yọ kíló tiyín kúrò.

3. Ẹ ṣírò, lórí bébà

Iye mg tí dókítà ní kí kíló kan gbà, lọ́nà kíló ẹran, pín sí iye mg tó wà nínú ml kan. Ohun tó bá jáde ni iye ml tí ẹ máa fà. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, kò sí awo kankan nídìí ẹ̀. Ẹ fi bébà ṣe é, kì í ṣe inú orí, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká fún màlúù wa ní oxytétracycline 20 % LA, àǹtíbáyótíìkì kan, mg 20 fún kíló kan. 20 lọ́nà 217 jẹ́ mg 4 340. Pín in sí 200: ml 21,7. Ó dáa. Ká ní 10 % lásán ló wà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ti ìyẹn sábà máa ń jẹ́ mg 10 fún kíló kan. 10 lọ́nà 217 jẹ́ mg 2 170. Pín in sí 100: ml 21,7.

Ẹ wò ó dáadáa. Ml kan náà ló jáde, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Nítorí pé ml bá ara wọn mu, wọ́n á rò pé oògùn kan náà ni. Èyí tó ní LA lára, wọ́n ṣe é kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí wọ́n gún un sí, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́. Tí dókítà bá fẹ́ tún un ṣe, lẹ́yìn wákàtí 72 ni. Èyí tí kò ní LA, ojoojúmọ́ ni ẹran máa gbà á, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún bí dókítà bá ṣe sọ. Ẹni tó bá gún 10 % lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì lọ sílé, oògùn ti tán lára ẹran yẹn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àrùn á sì padà. Ẹni tó bá ń gún LA lójoojúmọ́, kíndìnrín ẹran ló ń dà láàmú.

Kí ẹ má sì gún ml 21,7 sójú kan. Ẹ má kọjá ml 10 lójú ibi kan lára màlúù, ml 5 lára àgùntàn. Torí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ máa pín in sí, méjì lápá ọ̀tún ọrùn, ọ̀kan lápá òsì.

Ivermectine 1 %, tí a fi ń pa aràn àti kòkòrò ara: mg 0,2 ni kíló kan ń gbà, SC. Fún màlúù wa, mg 43,4, ìyẹn ml 4,3. Àwọn ìgò kan máa kọ ọ́ pé 200 µg. Mg kan ní µg 1 000 nínú, ẹni tó bá ṣi méjèèjì mú fi ẹgbẹ̀rún ṣìnà. Fún ewúrẹ́ tó jẹ́ kg 20, mg 4 ni, tó jẹ́ ml 0,4 péré. Síríńjì ml 10 ò lè wọn ml 0,4 fún yín. Ẹ ra ti ml 1, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ ọ́, ẹ má gbàgbé òdo iwájú: "0,4", kì í ṣe ",4". Àmì kékeré yẹn máa ń parẹ́ nínú ìwé tí òógùn ara ti rin.

Diminazène, tí a ń fún màlúù tí eṣinṣin tsé-tsé ti kó àìsàn bá, ìyẹ̀fun ni. Ẹ ṣọ́ra níbí. Sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ g 2,36 sí lára, g 1,05 péré ni diminazène nínú rẹ̀. Ìyókù jẹ́ oògùn mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹ pò ó mọ́ omi mímọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi pé ml 15, mg 70 ni ml kan máa ní. Mg 3,5 ni kíló kan ń gbà: 3,5 lọ́nà 217 jẹ́ mg 759,5. Pín sí 70, nǹkan bíi ml 10,9 ni, IM, kó wọlé jinlẹ̀, lójú méjì. Ẹni tó bá fi 2,36 ṣírò, oògùn tí kò tó ìdajì ló máa fún ẹran. Bí ara sáṣẹ́ẹ̀tì tiyín bá sọ iye omi mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì tún ìṣirò ṣe.

4. Ẹ mọ ibi tí oògùn ń gbà

Oògùn máa wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e káàkiri, ẹ̀dọ̀ á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, kíndìnrín á sì tì í jáde nínú ìtọ̀, àwọn míràn á bá ìgbẹ́ àti wàrà jáde. IV yára jù, ó sì léwu jù. IM ló tẹ̀ lé e. SC rọra ń lọ. Ẹran tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, oògùn á pẹ́ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ kí ẹ tó tún un gún.

Ní ti ẹnu, ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ yàtọ̀ sí ajá àti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń bá màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn jẹ koríko nínú àpò ńlá inú wọn. Bí ẹ bá da tẹtirasikílì (ìdílé oxytétracycline nìyẹn) sí màlúù àgbà lẹ́nu, àwọn kòkòrò rere yẹn lẹ máa pa, ẹran á dẹ́kun jíjẹun. Oògùn aràn ò ní wàhálà yìí, a lè rọ ọ́ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé orí ẹran náà sókè jù tí ẹ bá ń rọ ọ́, kí imú rẹ̀ má kọjá ojú, torí oògùn tó bá ya ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró máa pa ẹran tí aràn ò tíì pa.

Pẹ̀nìsílì máa ń pa kòkòrò àrùn nígbà tó bá ń mọ ògiri ara rẹ̀, ìyẹn nígbà tó bá ń dàgbà. Tẹtirasikílì ní tirẹ̀ máa ń dá ìdàgbà yẹn dúró. Ẹ wá rò ó: bí ẹ bá fún ẹran ní méjèèjì pọ̀, ìkejì lè sọ ìkíní di aláìwúlò. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi dédé pò wọ́n.

5. Oògùn màlúù, oògùn ológbò

Bàbá kan lè wá bá yín pé ológbò òun ń gbóná, òun sì ti fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù. Ológbò ò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ ènìyàn fi ń tú parasẹtamọ́ọ̀lù palẹ̀, ó ń pa á. Permethrin tí a ń fi pa eégbọn lára ajá náà ń pa á. Diminazène, àyè tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń wo ajá sàn àti èyí tó ń pa á kéré gan-an, ẹ má fún un láìsí dókítà. Oúnjẹ adìyẹ tó ní monensin nínú máa ń pa ẹṣin, ẹ sọ fún àwọn tó ń sin méjèèjì nínú ọgbà kan. Xylazine tó ń mú ẹran sùn: ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹṣin ń gbà ló tó màlúù. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ máa ń tètè lo oògùn aràn tán ju àgùntàn lọ, torí náà ìwọ̀n albendazole rẹ̀ máa ń ga ju ti àgùntàn. Ẹ má sì fún àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ní albendazole rárá, ó lè ba ọmọ inú jẹ́.

6. Gígún

Nọ́mbà abẹ́rẹ́ tó kéré ló nípọn. 16 tàbí 18 fún màlúù, 18 tàbí 20 fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ọrùn, níwájú èjìká, ni ẹ máa gún IM sí. Ìdí ẹran ní iṣan tó lè mú un rọ lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹran tí alápatà fi ń pa owó. Ẹ fa síríńjì sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó tì í: bí ẹ̀jẹ̀ bá wọlé, ẹ yọ ọ́, ẹ wá ibòmíràn. Pẹ̀nìsílì funfun ò gbọdọ̀ wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n di ẹran náà mú dáadáa fún yín, ẹ má kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tílmicosin wà tó ń wo ẹ̀dọ̀fóró màlúù sàn, àmọ́ tó lè dá ọkàn ènìyàn dúró bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá gún un. Tó bá gún yín, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìgò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn yìí láìjẹ́ pé dókítà wà níbẹ̀.

7. Wàrà àti ẹran títà

"Temps d'attente" ni iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá, láti ìgbà abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, kí wọ́n tó lè jẹ ẹran yẹn tàbí mu wàrà rẹ̀. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti ẹran fún oxytétracycline LA lè ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ivermectine abẹ́rẹ́ ò yẹ fún màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ mu. Kí ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gún un ni, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn.

Ta ni ẹ máa sọ ọ́ fún? Ọkùnrin tó pè yín wá ló ni màlúù, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ni wàrà. Òun ló ń fún un lówùúrọ̀, òun ló ń fi bọmubọmu mú un dì, òun ló ń gbé wàgàṣì lọ sọ́jà. Ẹ ní kí wọ́n pè é wá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, màlúù oníwo wíwọ́ yìí, ẹ má fún wàrà rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ ni kó máa mu ún." Ẹ fi ọjọ́ ọjà ka ọjọ́ fún un, ó máa yé e ju iye wákàtí lọ. Bó bá ní òun máa sè é, ẹ sọ fún un pé iná tó ń mú wàrà dì ò lè mú oògùn kúrò. Ẹni tí pẹ̀nìsílì máa ń bá ara rẹ̀ jà lè ṣàìsàn nídìí wàgàṣì. Bí Iléyá bá sì ti ń sún mọ́lé, ẹ bi olówó àgbò léèrè ìgbà tó fẹ́ tà á kí ẹ tó ṣí ìgò.

Oògùn tó ṣẹ́ kù lára òkú ẹran náà ń ṣọṣẹ́. Ní Íńdíà, igún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá torí pé wọ́n ń jẹ òkú màlúù tí wọ́n ti fún ní diclofenac, oògùn ìrora kan. Ìwádìí fi í hàn ní 2004, Íńdíà, Pakistan àti Nepal sì fòfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006. Igún ti wọ́n nílẹ̀ tiwa náà. Bí ẹran tó ti gba oògùn bá kú sí yín lọ́wọ́, ẹ sin ín.

8. Fíríìjì àti ìwé

Abẹ́rẹ́ àjẹsára fẹ́ òtútù 2 sí 8 °C. Ẹ má gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, ibẹ̀ ló ń gbóná jù. Ẹ fi òṣùwọ̀n òtútù sínú rẹ̀, kí ẹ máa kọ ohun tó bá sọ láàárọ̀ àti lálẹ́, pàápàá lẹ́yìn tí iná bá ti lọ. Àjẹsára PPR (àrùn kan tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn), tí wọ́n mú jáde láti ara kòkòrò tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975, ààyè ni: bí ẹ bá ti pò ó tán, ẹ tètè lò ó, kó wà lórí yìnyín títí ẹ ó fi parí. Ti ẹ̀dọ̀fóró màlúù àti ti ánítráàsì náà jẹ́ ààyè. Bí ẹran bá ṣì ń gba àǹtíbáyótíìkì, oògùn náà máa pa àjẹsára méjì tó kẹ́yìn yìí kó tó ṣiṣẹ́.

Nínú ìwé yín, ìlà kan fún ẹran kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, gáà tàbí abúlé, àmì ara ẹran, kíló rẹ̀ àti bí ẹ ṣe rí i, orúkọ oògùn gan-an, agbára rẹ̀, nọ́mbà lot, ml, ibi tí ẹ gún un sí, orúkọ dókítà tó pàṣẹ rẹ̀, ọjọ́ tí wàrà máa ṣeé mu àti ọjọ́ tí ẹran máa ṣeé pa. Ẹ ya ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn yìí sórí bébà kékeré fún onílé. Bí kò bá mọ̀wé kà, ẹ wá ọmọ rẹ̀ tó ń lọ ilé ìwé, kó kà á sókè níṣojú ìyá rẹ̀ kí ẹ tó gun ọ̀kadà.